Ìṣó Igi Nínú Ẹ̀rọ Bàbá

Nǹkan kan wà tí Wẹ́dà kórìíra ju olè lọ: kí irin kán, kí ènìyàn wá wáyà, kí ó fi so ó, kí ó sì gbọn ọwọ́ nù bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́. Ó ní olè mọ̀ pé òun jalè. Ẹni tó fi wáyà so irin ní tirẹ̀ gbà pé òun ti tún nǹkan ṣe, ó sì tún ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́.

Wẹ́dà yìí, obìnrin ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i wà níbì kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ orúkọ náà tán, tọmọdé tàgbà ò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì, páànù lókè, yẹ̀pẹ̀ dúdú nílẹ̀, gbogbo irinṣẹ́ sì tò sára ògiri bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de ọ̀gá. Bí o bá gbé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti bà jẹ́ wá síbẹ̀, kò ní kọ́kọ́ tún un ṣe. Yóò kọ́kọ́ pe àwọn tó wà nítòsí kí wọ́n wá wò ó, yóò bi ọ́ pé ta ló ṣe é, yóò sì dúró kí o dáhùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti purọ́ níwájú obìnrin yìí pé àwọn ò mọ ẹni tó so wáyà mọ́ ọkọ̀ àwọn.

Ìyà tí Ọlọ́run wá fi jẹ ẹ́ ni pé àbúrò kan ṣoṣo tó ní ni olórí gbogbo àwọn tó ń so wáyà.

Àgbẹ̀ ni àbúrò náà. Ó-Ṣì-Ń-Lọ ni wọ́n ń pè é, òun ló sì fẹnu ara rẹ̀ gba orúkọ náà, nítorí kò sí ohun ìní rẹ̀ kan tí o lè bi í pé ṣé kò tíì kú, tí kò ní dáhùn pé, "Ó ṣì ń lọ." Ká sọ tòótọ́, wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, bẹ́líìtì ṣòkòtò tó fi gbéyàwó ló fi de ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ara. Tánkì ń jò, ó fi ọṣẹ ìfọṣọ dí i, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ náà bá kọjá, àfi bí ẹni pé wọ́n ń fi bẹntiróòlù fọ aṣọ ládùúgbò. Túúbù kẹ̀kẹ́ ló fi wé ọ̀pá omi ẹ́ńjìnì, ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ló gé ṣe gíláàsì fèrèsé, wáyà méjì ló sì máa ń fi kan ara wọn kí ẹ́ńjìnì tó jí. Ohun tó ń nu omi òjò kúrò lójú gíláàsì iwájú, okùn ló so mọ́ ọn láti inú wá, ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò máa fà á lọ, fà á bọ̀. Nígbà òjò, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ Ó-Ṣì-Ń-Lọ kì í ṣe èrò, òṣìṣẹ́ ni.

Nígbà tí bàbá wọn ń kú lọ, kò fa ọ̀rọ̀ ogún gùn. Oko àti ẹ̀rọ tó ń yín àgbàdo, ó fi fún ọkùnrin. Òòlù rẹ̀, ó fi fún obìnrin. Ó ní, "Ìwọ lo mọ iṣẹ́." Wẹ́dà gba ọ̀rọ̀ yìí bí ìdájọ́. Lójú tirẹ̀, bàbá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ tó gbọ́n àti ọmọ tó gọ̀, ọdún sì lè máa gorí ọdún, kò ní jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ gbàgbé. Òòlù náà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí orí òòlù mìíràn, ṣùgbọ́n èèkù rẹ̀ jẹ́ igi líle kan tó gùn, tó ti pọ́n, tí àtẹ́lẹwọ́ bàbá ti dì mú títí tó fi ń dán.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló sáré wọ ṣọ́ọ̀bù náà, eruku àgbàdo wà lára irun ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí i."

"Kí ló tún já?"

"Ìṣó ẹ̀rọ yẹn ni. Ó ń yín díẹ̀, ó ń kán. Ó ń yín díẹ̀, ó ń kán. Ojú kan náà la wà látàárọ̀. Gbogbo àgbàdo wa ló wà nílẹ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn, Àǹtí, gbogbo ẹ̀. Ẹ sì rí ojú ọ̀run."

Wẹ́dà yọjú wo ojú ọ̀run. Apá kan rẹ̀ ti ń dúdú. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Lọ́dún tó kọjá, òjò bá àgbàdo wọn nílẹ̀ báyìí kí wọ́n tó yín in tán. Ó hu, ó ń rùn, àwọn tó ń sin adìẹ pàápàá yínmú sí i. Àwọn ọmọ jókòó sílé nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń lọ sílé ìwé. Bí ti ọdún yìí bá tún bàjẹ́, kò ní sí irúgbìn, kò ní sí oúnjẹ, ìyàwó sì ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun á kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá òun. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó ba Wẹ́dà lẹ́rù nígbà tó gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í pa ẹnu Wẹ́dà dé.

"Kí ni wọ́n fi ṣe ìṣó ọ̀hún?" ó béèrè, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀.

"Igi ni, Àǹtí."

"Sọ̀rọ̀ sókè, mi ò gbọ́."

"Igi."

Ó yíjú sí Télọ̀, ọkùnrin tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lágbègbè náà tí kì í fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lọ wò. "Télọ̀, ṣó o gbọ́? Wọ́n fi igi so irin mọ́ irin. Tó bá dọ̀la, òwú ni wọ́n máa fi so ó, wọ́n á wá yá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà gé irin kan láti ara sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú, irin tó le débi pé ayùn ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó fi iná jó o títí tó fi pọ́n, ó lọ̀ ọ́ títí tó fi rí roboto. Ó gbé gáàsì àti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sórí ọmọlanke. Ó ní, "Èyí tí mo fẹ́ fi síbẹ̀ yìí, ẹ̀yin lẹ máa kú fi í sílẹ̀." Télọ̀ bá a ti ọmọlanke náà, kì í ṣe nítorí ìrànlọ́wọ́ o, nítorí ìran ni.

Ẹ̀rọ náà dúró láàárín àgbàlá oko. Ẹ́ńjìnì wà lápá kan, bẹ́líìtì rọ́bà gùn láti ara rẹ̀ dé ara kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan. Kẹ̀kẹ́ yìí ló ń yí ọ̀pá irin, ọ̀pá ló ń yí jíà tó wà nínú àpótí irin, jíà ló sì ń yí àgbá eléyín tó ń bó hóró kúrò lára ṣùkù. Níbi tí kẹ̀kẹ́ ńlá ti pàdé ọ̀pá, ihò kékeré kan wà tó gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Ìṣó kan ṣoṣo tó wọ ibẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Bí kò bá sí ìṣó, kẹ̀kẹ́ á kàn máa yí lásán ni.

Ìṣó tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, irin rírọ̀ ni. Wẹ́dà rí i nígbà èwe rẹ̀, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ wò, ojú eyín rẹ̀ sì hàn lára rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló ti dá àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà lẹ́jọ́ pé ahun ni wọ́n. Nígbà tí àwọn irin rírọ̀ náà tán, tí bàbá sì ti lọ, Ó-Ṣì-Ń-Lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi. Kò ro ohunkóhun sí i. Igi wà nílẹ̀, igi ò ná an ní nǹkan kan, ọ̀bẹ sì wà lápò rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ rántí o, nítorí ọ̀rọ̀ yìí máa padà dé ibẹ̀.

Wọ́n bá a lórí agolo ọ̀dà tó dojú dé, ó ń gbẹ́ ìṣó. Àwọn tó ti gbẹ́ tán wà lápò àyà rẹ̀, wọ́n yọrí síta bíi bírò lápò akọ̀wé.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ káàbọ̀ síbo? Sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà?"

"Ó ṣì ń lọ o, ẹ̀gbọ́n mi. Díẹ̀ díẹ̀ ni."

"Òjò náà ń bọ̀ díẹ̀ díẹ̀."

Igi tó ń gbẹ́ yẹn ló kẹ́yìn ní gbogbo oko náà, Wẹ́dà ló sì fà á. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó rí ọkọ́ kan tí èèkù rẹ̀ ti là, tí wọ́n fi rọ́bà wé e. Inú bí i. Ó kó gbogbo ọkọ́, àáké àti ṣọ́bìrì oko náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ igi ìdí wọn, ó sì jó páìpù irin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tó yọ, ó dáná sun ún lójú gbogbo wọn. Láti ìgbà náà ni ọkọ́ ti ń jó wọn lọ́wọ́ lọ́sàn-án, tó sì ń dun egungun apá wọn bó bá kan òkúta. Ìyàwó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wẹ́dà dá a lóhùn pé ọ̀lẹ kì í ṣàìrí nǹkan ráhùn sí. Igi ìdí réèkì kan, ohun tí wọ́n fi ń wọ́ pàǹtí jọ, tí Ó-Ṣì-Ń-Lọ fi pamọ́ sábẹ́ àga ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló yè, òun ló sì ti ń gé jẹ láti ìgbà náà bí ẹni tó ń jẹ ìrèké.

Wẹ́dà fi ìka méjì fa ìṣó igi tó kán náà jáde, ó jù ú sẹ́yìn láìwo ibi tó bọ́ sí. Ó ti irin tirẹ̀ bọ ihò. Ó wọ ibẹ̀ rẹ́gí. Iṣẹ́ tó dára ni, ẹni tó bá sọ pé kò dára, ìlara ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ Wẹ́dà lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ó tan iná gáàsì, ó jó irin náà lórí, ó jó o nídìí, kí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ má bàa lè yọ ọ́ láéláé.

"Ó parí," ó ní. "Kó ìyókù igi ẹ lọ síbi tí igi ń gbé."

Ó-Ṣì-Ń-Lọ yọ àwọn ìṣó náà lápò àyà rẹ̀, ó wò wọ́n, ó rọra tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú èyí tó kù nínú igi réèkì. 

Ohun kan ṣì kù tó ń rin Wẹ́dà lára. Ẹnu ẹ̀rọ náà, níbi tí wọ́n ti ń da àgbàdo sí, ní ìdérí páànù. Ohun tó so ìdérí náà mọ́ ara ẹ̀rọ ti já, Ó-Ṣì-Ń-Lọ sì gbé òkúta kan lé e lórí kí ó má bàa máa fò.

"Òkúta," Wẹ́dà sọ fún Télọ̀. "Wò ó dáadáa kó o lè ròyìn ẹ̀ nílé. Ọmọ bàbá kan náà ni wá o."

Ó ní bó bá dọ̀la òun á wá jó ìdérí náà. Ó gbé òkúta kúrò lórí rẹ̀, ó gbé e sí etí ẹnu ẹ̀rọ, ó sì ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnì.

Ẹ̀rọ náà yín àgbàdo bí kò ṣe yín in rí láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Hóró ń ya jáde, ṣùkù ń fò, ìyàwó àti àwọn ọmọ ń kó o sápò, ọwọ́ wọn ò sì bá a. Níbi tó bá ti ki jù, tí igi ì bá ti kán, irin náà tì í kọjá láìfi ìgbà kan lọ́ tìkọ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó dáná omi kí Àǹtí lè rí nǹkan gbígbóná mu. Ṣùkù ló kọ́kọ́ kó sídìí ìkòkò, nígbà tó rí i pé iná ò tètè ràn, ó ṣa àwọn ìṣó igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́ ọn, àti igi réèkì pẹ̀lú. Ó ní àwọn ò kúkú nílò wọn mọ́. Igi gbígbẹ ni, wọ́n jó dáadáa.

Ó yẹ kí Wẹ́dà lọ sílé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń yìn kì í tètè rántí ọ̀nà ilé. Ó dúró tì í, ó gbé òòlù bàbá kọ́ èjìká, ó ń bá Télọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ariwo ẹ́ńjìnì. Ó ní àwọn kan wà tí Ọlọ́run fún ní ọwọ́ kí wọ́n lè máa fi jẹun nìkan. Ó ní bàbá mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó pín ogún. Ó-Ṣì-Ń-Lọ ń da àgbàdo sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Báwo wá ni inú ẹ̀ ṣe rí?" Télọ̀ béèrè.

Ohun tí Wẹ́dà ń retí nìyẹn. Ó gbá ìdérí náà sókè kí Télọ̀ lè rí i. Òkúta tó gbé sí etí páànù ti ń gbọ̀n bọ̀ láti ìgbà tí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó wò ó. Ìdérí kàn án. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọlé.

Bó bá jẹ́ àná ni, wọn kì bá tí gbọ́ ju "kà" lọ. Igi á kán, kẹ̀kẹ́ á máa yí lásán, Ó-Ṣì-Ń-Lọ á pa ẹ́ńjìnì, á yọ òkúta, á gbẹ́ igi mìíràn sí i, Wẹ́dà á sì rí nǹkan bú. Lọ́jọ́ yìí, irin ò kán. Òkúta há àgbá eléyín mọ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ kọ̀ kò dúró, ẹ́ńjìnì ń kérora, bẹ́líìtì ń rùn, gbogbo agbára náà sì ń wá ibi tó máa gbà jáde. Àpótí jíà ló gbà jáde. Ariwo tó ṣe lé àwọn adìẹ gun ògiri.

Nígbà tí wọ́n tú àpótí náà wò, eyín jíà ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní wómúwómú, ara àpótí fúnra rẹ̀ sì ti là láti òkè débi ìdí. Ìṣó Wẹ́dà wà níbẹ̀ digbí. Kò tilẹ̀ tẹ̀. Ó ń dán.

Èyí tó tún wá burú ni pé irin dídà ni jíà àti àpótí náà, irú irin tí wọ́n yọ́ bí epo tí wọ́n sì dà. Bí iná wẹ́dà bá kan irú irin bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń là sí i. Nínú gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ láyé, èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ Wẹ́dà kò lè wò sàn gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè ra òmíràn, nítorí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ti kógbá wọlé tipẹ́.

Afẹ́fẹ́ tútù kan fẹ́ kọjá lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ìdajì àgbàdo ṣì wà níbẹ̀, lórí ṣùkù rẹ̀.

"Ẹni tá a ní kó kín wa lẹ́yìn," ni ìyàwó wí. Kò parí òwe náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀gún ló kù.

Ó-Ṣì-Ń-Lọ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo inú àpótí jíà, ó wo ìṣó, ó tún wo jíà. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ìdí tí mo ṣe ń fi igi sí i nìyẹn," ó ní.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ìdí tí mo ṣe ń lo igi nìyẹn. Kí nǹkan kékeré lè máa kán, kí nǹkan ńlá má bàa kán. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin kúkú lẹ mọ iṣẹ́."

Télọ̀ mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọgbọ́n ayé àtijọ́. Ìyàwó yíjú wo ọkọ rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́, ojú tí kò fi wò ó mọ́ láti ìgbà tí àgbàdo ọdún tó kọjá ti hu.

Irọ́ ni. Wẹ́dà mọ̀ pé irọ́ ni bó ṣe mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin yìí ò ronú kàn án rí, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn án, bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ tó sì bá owó nílẹ̀, ó sì ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti wà lápò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n bó ti jẹ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ tó, òótọ́ ni nínú irin. Wẹ́dà rántí irin rírọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ tí ojú eyín rẹ̀ hàn lára rẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kì í ṣe ahun. Òun ló ti ń bú wọn lásán láti kékeré, bàbá rẹ̀ tó ń fi irin rírọ̀ náà sí i sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kò bi í rí pé kí ló dé tó fi rọ̀.  Kò tilẹ̀ mọ èyí tó ń dun òun jù, pé òun ṣe àṣìṣe, tàbí pé òmùgọ̀ ló jàre òun.

Ìyàwó ti kó àwọn ọmọ jọ sídìí àgbàdo, wọ́n ń fi àtàǹpàkò yín in lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ yín in, òjò òní á bá wọn níbẹ̀, tọ̀la náà á sì bá wọn níbẹ̀. Wẹ́dà wò wọ́n, ó bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó ti jíà náà.

Ohun tó ṣe láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo títì ni ì bá pè wá wò ó. Níbi tí eyín jíà ti wó, ó fi díríìlì ọwọ́ lu ihò tẹ̀lé ihò, ó ti bọ́ọ̀tì bọ inú wọn, ó gé orí wọn, ó yọ́ idẹ yí wọn ká, ó sì fi fáìlì gbẹ́ wọn títí wọ́n fi fẹ́ jọ eyín. Wọn ò jọ eyín. Wọ́n jọ ẹnu arúgbó. Àpótí tó là, ó fi ṣéènì wé e. Ṣéènì ò fún un tó.

Wẹ́dà yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé wáyà wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Irú èwo, ẹ̀gbọ́n mi?" Ó-Ṣì-Ń-Lọ béèrè. "Nítorí wọ́n pọ̀."

"Èyí tó bá ṣe é ṣe."

"Ẹ jẹ́ n mú oríṣiríṣi wá kí ẹ lè ṣà."

Ó mú wọn wá, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà. Àbúrò fúnra rẹ̀ ló so ó. Ó lọ́ ọ, ó fi ẹ̀mú fà á, ó tún lọ́ ọ, àpótí náà sì pa ẹnu dé. Ó mọ̀ ọ́n so. Wẹ́dà rí i, ó sì gbé e mì.

Yíyọ ìṣó irin náà ló gbà wọ́n lásìkò jù lọ, nítorí Wẹ́dà ti jó o lórí, ó ti jó o nídìí, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má bàa yọ ọ́. Òun alára ló wá jókòó tì í, ó ń fi iná gé e, ó ń làágùn, ó ń bú ẹni tó jó o. Nígbà tó bọ́ nílẹ̀, òkùnkùn òjò ti dé orí igi ẹ̀yìn oko.

"Mú ìṣó igi kan wá," ó sọ fún àbúrò rẹ̀.

Ó-Ṣì-Ń-Lọ fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀, ó lọ síbi ògiri, ó padà wá. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wo ìdí ìkòkò. Eérú ló wà níbẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ igi ìdáná sí i. Igi tútù ni, kẹ̀kẹ́ ò tíì yí po tó fi já. Wọ́n gbẹ́ òmíràn, ikán ti jẹ inú rẹ̀. Wọ́n wá ọkọ́, páìpù irin ni. Wọ́n wá àáké, páìpù irin ni. Ṣọ́bìrì, páìpù irin. Ilẹ̀kùn ilé pàápàá, irin ni, Wẹ́dà ló jó o. Gbogbo oko náà le koko, kò sí igi gbígbẹ tó gùn tó ìka níbẹ̀, àfi ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Télọ̀ wo ibòmíràn. Ó-Ṣì-Ń-Lọ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyàwó nìkan ló wò ó tààrà, níbi tó wà lọ́wọ́ Wẹ́dà.

Wọ́n máa ń sọ pé bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Wẹ́dà gbé òòlù bàbá rẹ̀ lé orí irin, ó mú ayùn, ó sì gé èèkù náà. Igi náà le, ó sì ń rùn bí ọwọ́ bàbá. Ojú rẹ̀ ń ṣe é bíi pé omi fẹ́ jáde níbẹ̀, ó sì bínú sí i títí tó fi padà. Ó na igi náà sí àbúrò rẹ̀, nítorí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló mọ ìwọ̀n ihò náà.

"Má jẹ́ kó nípọn jù," ó ní.

"Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rọ náà jí. Ó ń wúkọ́, ṣéènì ń ró, wáyà ń gbọ̀n, jíà tó léyín arúgbó ń jẹun bí arúgbó, ṣùgbọ́n hóró ń jáde. Nígbà tí àgbàdo bá ki jù, ìṣó á kán, kà, Wẹ́dà á mú ayùn, á gé òmíràn. Èèkù òòlù ń kúrú, òkìtì àgbàdo náà ń kúrú. Nígbà tí òjò dé, ìwọ̀nba tó wà létí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ló bá, ó sì kó ìyẹn lọ. Ìyókù ti wà nínú àpò, àwọn àpò ti wà nínú ilé.

Gbogbo wọn dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, eruku funfun bò wọ́n lórí. Ìyàwó so ẹnu àpò tó kẹ́yìn, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "O ṣeun, o ṣe é o." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló tó rántí fi kún un pé, "Ẹ̀yin náà ẹ ṣé, Àǹtí."

Ó-Ṣì-Ń-Lọ mú orí òòlù náà nílẹ̀. Èyí tó kù ní ìdí rẹ̀ ò tó ohun tí ọmọdé lè dì mú. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé kí n bá yín wá páìpù sí i?"

Télọ̀ yára kọjú sí òjò. Gbogbo èébú tí Wẹ́dà ti kó jọ láti kékeré kún un lẹ́nu, èyí tó dára jù lọ sì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo àwọn àpò àgbàdo. Ó wo àwọn ọkọ́ tó fi ara ti ògiri, omi òjò ń ṣàn lára páìpù wọn.

"Igi ni kó o fi sí i," ó ní. "Àwọn ọkọ́ yẹn náà. Kó o jẹ́ kó gbẹ dáadáa."